Ọba, Ilẹ̀ àti Ilé-Ẹ̀kọ́: Ọ̀rọ̀ Láti Ìyànà Iyesi

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin olùkàwé wa bá dúró ní Ìyànà Iyesi, lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdírókò, ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, yóò rí oríṣi èrò méjì tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn kìn-ín-ní ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí aṣọ wọn mọ́ tónítóní tí àpò ìwé sì wà ní èjìká wọn. Àwọn kejì ni àwọn tí ń lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, láìmọ̀ bóyá a ó mú wọn fún iṣẹ́ ọjọ́ náà tàbí a ó dá wọn padà sílé. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, a bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn èrò kejì yìí sọ̀rọ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni. Ó nawọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan tí ògiri rẹ̀ gùn lọ rẹrẹẹrẹ, ó ní oko obì bàbá bàbá òun ni ibẹ̀ jẹ́ rí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú òun, òun a máa wọ inú rẹ̀ lọ fi ẹ̀yìn gbé àpò. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, àfi bí ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Èyí gan-an ni ó sì dùn wá.

Láti ọjọ́ náà wá ni a ti ń bi ara wa pé, owó ilẹ̀ náà dà? Owó wọlé ní tòótọ́. Ìnáwó òkú jẹ nínú rẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ nínú rẹ̀, ẹjọ́ kóòtù láàárín àwọn ọmọ bàbá kan náà sì jẹ èyí tí ó pọ̀ jù. Ọ̀tà kì í ṣe àjèjì sí ìwé. Ní 1854 ni James White, ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró wá, dé ìlú náà gẹ́gẹ́ bí oníwàásù ìjọ C.M.S. Lónìí, yunifásítì tí òkìkí wọn kàn wà ní àyíká ibẹ̀: Covenant tí ó ṣí ní 2002, àti Bells tí ó tẹ̀lé e ní 2005. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ààfin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹbí onílẹ̀ kankan, ni ó dá wọn sílẹ̀, ọmọ tí a bá sọ̀rọ̀ yẹn kò sì lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Bí a bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn ọba àti ìjòyè wa, ìdáhùn kan ni a sábà máa ń gbọ́: pé Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 kò fún ọba ní iṣẹ́ kankan, pé ọwọ́ ìjọba ni gbogbo àṣẹ wà, pé ọba kò ju ẹni tí ń gbàdúrà tí ó sì ń gba àlejò lọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ẹni tí ó bá ka Òfin Ìpìlẹ̀ náà dé òpin kò ní rí àyè ọba nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọlọ́lá wa, ìgbà wo ni àṣẹ ọba ilẹ̀ yìí pé láti ọjọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dé? Ọba tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jọba fún ọgbọ̀n ọdún gbáko nígbà tí àṣẹ òyìnbó ṣì ń bẹ lórí ilẹ̀ yìí, kò sì fi èyí ṣe àwáwí.

A bí Adésọjí Adérẹ̀mí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1889. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní ìlú rẹ̀ ní àkókò tí ìwé kò tíì jẹ́ ohun tí àwọn ọmọ ọba ń lé kiri. Ní 1909 ó wọ iṣẹ́ Rélùwéè. Ní 1921 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì di oníṣòwò àti ọlọ́kọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Ọ̀ọ̀ni Adémilúyì wàjà ní 1930, òun ni a fi joyè, òun sì ni Ọ̀ọ̀ni àkọ́kọ́ tí ó mọ̀ọ́kọ tí ó sì mọ̀ọ́kà. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí èyí jẹ́. Ọkùnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ òyìnbó fún ọdún méjìlá, tí ó mọ bí ìwé ìjọba ti ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, ni ó wá jókòó sí ibi tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ láti ẹnu ògbufọ̀. Ògbufọ̀ pàdánù iṣẹ́ ní ọjọ́ náà.

Àkókò tí ó gorí ìtẹ́ kò rọgbọ. Iye owó kókó ti wó lulẹ̀ láti ìgbà tí ọrọ̀-ajé gbogbo ayé ti dàrú ní 1929. Àgbẹ̀ ń kórè, owó-orí sì ń ṣòro fún un láti san. Ọba mìíràn ì bá ní kí a dúró títí owó yóò fi dé. Ní 1932, nígbà tí kò tíì ju ọdún méjì lọ lórí oyè, Adérẹ̀mí dá Odùduwà College sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ Ifẹ̀ tí ó bá fẹ́ ìwé tí ó ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ ní láti fi ilé sílẹ̀, kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó, bí bàbá rẹ̀ bá lówó tí yóò fi rán an. Ẹ sì ṣàkíyèsí orúkọ tí a fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kì í ṣe orúkọ ọba tí ó dá a sílẹ̀, kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe ti Ifẹ̀ nìkan. Orúkọ bàbá ńlá gbogbo wa ni. A ó tún padà sórí orúkọ yìí.

Ní 1938, bí àwọn kan ti ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ọkọ́ wọn kan àwọn orí tí a fi idẹ rọ, irú èyí tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Díẹ̀ nínú wọn tètè bọ́ sí ọwọ́ àjèjì. Ọ̀kan dé ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì, ó sì dá wọn padà ní 1950. Èyí tí ó kù ni Ọba pa mọ́ sí ààfin, títí a fi ṣí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1954. A mọ ààfin tí irú ìṣura bẹ́ẹ̀ ì bá ti di owó kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Lójú Adérẹ̀mí, ohun tí ó ti inú ilẹ̀ jáde kì í ṣe ti ẹni tí ó wa ilẹ̀ náà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọba.

Àwọn oyè òde tí ó jẹ kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin olùkàwé wa. Ó wọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó ní 1947. Ilé-Ifẹ̀ rẹ̀ ni a ti ṣí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ní oṣù kẹfà 1948. Òun ni ó ń ṣe olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Ní 1960 ó sì di Gómìnà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ Gómìnà ẹkùn kan. Ọ̀rọ̀ 1962, nígbà tí ó yọ Akíntọ́lá kúrò ní ipò olórí ìjọba, gùn ju àyè wa lọ. A ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ tiwa ni pé ní 1961, nígbà tí ó wà ní ipò Gómìnà, ni a dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962, wọ́n sì kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, sórí ilẹ̀ gbalaja tí Ifẹ̀ yọ̀ǹda. Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a ti ń pè é láti 1987. Ilẹ̀ kan wà ní Ìyànà Iyesi tí a fi gba owó lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí ó ń mú ọ̀mọ̀wé jáde lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìtàn Ọba yìí ní apá kan tí àwọn tí ń yìn ín kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Àwọn ará Modákẹ́kẹ́, tí àwọn baba wọn sá àsálà wá láti ìhà Ọ̀yọ́ ní àkókò ogun, ń dá oko lórí ilẹ̀ Ifẹ̀, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ iṣu mélòó kan lọ́dún, ẹ̀bùn ni, ìkíni ni. Ìgbà tí kókó di owó ni ọ̀rọ̀ yí padà, tí ohun tí ó jẹ́ ìkíni di ẹrù. Láti 1946 títí dé 1949 ni àríyànjiyàn náà le. Àwọn àgbẹ̀ Modákẹ́kẹ́ ní àwọn kò san mọ́, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, Ifẹ̀ sì jàre. Ọba tí ó dá Odùduwà College sílẹ̀ ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Orúkọ bàbá ńlá gbogbo Yorùbá wà lára ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú oko, ọmọ Odùduwà kan jẹ́ onílẹ̀ títí láé, ọmọ Odùduwà kejì sì jẹ́ àlejò títí láé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni a bí bàbá rẹ̀ sí.

Ọba wàjà ní 1980. Ní 1981 ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ó tún bẹ́ ní 1983. Ti 1997 títí dé 2000 sì sun ilé, ó pa ènìyàn, ó tú ọ̀pọ̀ ìdílé ká. A kò sọ pé òun ni ó fa ìjà wọ̀nyí. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti wà kí a tó bí i, ọ̀ràn ìṣèlú sì kún ti àwọn ọdún ìkẹyìn. Ohun tí a ń sọ ni pé fún àádọ́ta ọdún, ọba kan tí ó gbọ́n tí ó sì níyì wà lórí ìtẹ́, ó kọ́ ìdajì ilé náà dáradára, ìdajì kejì sì wà láìkọ́.

Kí a tó padà sí Ọ̀tà, ẹ jẹ́ kí a mú yín rékọjá òkun lọ sí Íńdíà, nítorí ọba kan jẹ níbẹ̀ tí ó dojú kọ ìdajì kejì yìí gan-an. Kolhapur ni orúkọ ìjọba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba tí àwọn ọba ẹ̀yà Maratha ń jẹ lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Shahu ni orúkọ ọba náà. A bí i ní 1874, opó ọba tí ó ti wàjà gbà á ṣọmọ ní 1884, ó sì gba àṣẹ ìjọba ní 1894. Ajẹ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀ bí ó ti wà lórí àwọn ọba wa.

Ní ọdún tí ó gba àṣẹ, nínú ipò 71 tí ó ṣe pàtàkì nínú ìṣàkóso ìjọba rẹ̀, 60 wà lọ́wọ́ àwọn Brahmin, ẹ̀yà àwọn àlùfáà, tí wọn kò pọ̀ ní iye ṣùgbọ́n tí ìwé ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà láéláé. Ìwọ̀sí náà kan Ọba pàápàá. Ní nǹkan bí 1899, bí ó ti ń wẹ ìwẹ̀ mímọ́ nínú odò, a fi hàn án pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ mímọ́ tí ó yẹ ọba ni àlùfáà rẹ̀ ń kà sí i lórí, bí kò ṣe èyí tí a ń kà fún àwọn ẹ̀yà ìsàlẹ̀. Nítorí pé lójú àlùfáà náà, ẹ̀yà ìsàlẹ̀ ni Maratha, ìbáà dé adé. Shahu gba ilẹ̀ oyè tí ó wà lọ́wọ́ àlùfáà náà. Ọ̀pọ̀ ọba ni ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ fún. Ó dà bí ẹni pé òun bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí a bá lè fi irú èyí kan ọba, kí ni a kò ní fi kan àgbẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn odi?

Láti 1901 ni ó ti ń dá ilé ìbùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, fún Maratha, fún Jain, fún Mùsùlùmí, àti fún àwọn tí a ń pè níbẹ̀ ní ẹni-à-kì-í-fọwọ́-kàn. Ó mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìlú kò wúlò fún ọmọ ìgbèríko tí kò ní ibi tí yóò sùn. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 1902 ó pàṣẹ pé, nínú àwọn ipò tí ó bá ṣí sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba rẹ̀, ìdajì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tí a ti fi sẹ́yìn. Ní 1917 ó sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ọkùnrin kan sì wà tí ń jẹ́ Gangaram Kamble, ẹni-à-kì-í-fọwọ́-kàn, tí wọ́n lù nítorí pé ó fọwọ́ kan omi àwọn tí wọ́n ka ara wọn sí ẹni gíga. Ọba fún un ní owó láti ṣí ìsọ̀ tíì ní ìgboro. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mu tíì rẹ̀. Nígbà náà ni Ọba bẹ̀rẹ̀ sí dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ dúró níwájú ìsọ̀ náà, tí ó ń mu tíì lójú gbogbo ènìyàn, tí ó sì ń fún àwọn ìjòyè tí ó bá a rìn mu. A fẹ́ kí ẹ̀yin olóyè wa ro ọ̀rọ̀ ife tíì yìí dáradára, nítorí òfin Kolhapur tí a bá kọ sínú ìwé lásán, tí ọba kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ kan ife náà, a kò gbà pé ì bá rìn jìnnà.

Kì í ṣe ẹni mímọ́. Ìjàkadì àti ọdẹ a máa gba àkókò rẹ̀, àwọn tí ń jà fún òmìnira Íńdíà sì bínú sí i gidigidi pé ó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rẹ́. Ó wàjà ní 1922, kò tíì pé ọmọ ọdún 48. Ṣùgbọ́n ní 1920 ó ti jókòó pẹ̀lú àwọn ẹni-à-kì-í-fọwọ́-kàn ní ìpàdé Mangaon, níbi tí ó ti ti B. R. Ambedkar lẹ́yìn, ọmọ ẹ̀yà yẹn tí Sayajirao, ọba Maratha mìíràn ní Baroda, ti fi owó ìrànwọ́ rán lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1913. Ambedkar yìí kan náà ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ Òfin Ìpìlẹ̀ Íńdíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, òfin náà sì fi àyè sílẹ̀ fún yíya ipò sọ́tọ̀ fún àwọn tí a ti fi sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ọba kékeré kan ti pàṣẹ ní ọdún 48 ṣáájú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìyànà Iyesi. Ẹni tí ó bá tẹ́tí níbẹ̀ yóò gbọ́ èdè Àwórì àti ti Ẹ̀gbá, yóò gbọ́ Ègùn, Ìgbò àti Haúsá, àti Faransé àwọn tí ó gba Ìdírókò wọlé. Ilé-iṣẹ́ ni ó pè wọ́n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti ra ilẹ̀, wọ́n sì ti kọ́lé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò mọ ìlú mìíràn. Síbẹ̀ wọ́n ń san owó ìpìlẹ̀, wọ́n ń san owó òrùlé, wọ́n ń san owó fún àwọn tí ń pe ara wọn ní ọmọ onílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2016 láti fi òpin sí i kò tíì pa á run. Kí ni èyí, bí kì í bá ṣe ìṣákọ́lẹ̀ ní orúkọ mìíràn? Ó tilẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí ìṣákọ́lẹ̀ ní àkókò, ó sì ní iye. A sì ti rí ibi tí èyí tí ó ní àkókò tí ó sì ní iye gbé Ifẹ̀ dé.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Àwórì, àti lọ́wọ́ gbogbo ààfin Yorùbá tí ilé-iṣẹ́ ti wọ ilẹ̀ wọn, kò nílò àṣẹ Òfin Ìpìlẹ̀ kankan. Nígbàkigbà tí ilẹ̀ ẹbí bá bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́, kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà sọ́tọ̀ kí ẹbí tó pín in, kí ó wà ní báńkì ní orúkọ ìlú, kí a má sì fi ṣe ohun mìíràn ju ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìkàwé àti ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Kí a ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, níwájú ààfin. Kí ọba tó bá ilé-iṣẹ́ ṣí ilé rẹ̀, kí ó béèrè iye ọmọ ìlú tí wọn yóò kọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, kì í ṣe iye tí wọn yóò mú láti ru àpò. Nínú gbogbo àyè tí owó náà bá sì ṣí, kí ìdajì jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀, kí ìdajì jẹ́ ti ọmọ ẹnikẹ́ni tí ń gbé ìlú náà, ìbáà ṣe ọmọ Ègùn, ìbáà ṣe ọmọ Ìgbò.

Olóyè kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi ti dá wa lóhùn kí a tó tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ó ní bí a bá fún àlejò ní ìdajì, yóò gba gbogbo rẹ̀. A gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá wa, ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kí wọ́n sì wo ẹni tí ó dúró síbẹ̀. Ní Kolhapur, ìdajì tí a yà sọ́tọ̀ ni ó dáàbò bo ọmọ ilẹ̀ tí ìwé ti kọjá lórí rẹ̀. Ní Ọ̀tà lónìí, nínú ìdíje tí kò ní ìpín, owó àlejò ni yóò ra àyè náà, ọmọ onílẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti tà tán ni yóò wà lẹ́yìn. Bí ìdajì kejì kò bá sì sí fún àlejò, a ó máa dúró de 1981 tiwa.

Ìwé tí a kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò dé ọwọ́ àwọn olóyè kí oṣù yìí tó parí. Ìdáhùn tí a bá rí gbà, ìbáà dùn, ìbáà korò, ojú ewé yìí ni a ó tẹ̀ ẹ́ sí.